Àmì Mẹ́rìnlá

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

A bẹ̀rẹ̀ ìrìn inú igbó ti ọdún yìí lónìí. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wá. Òjò fẹ́ dá wọn padà lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òjò tó ń ṣú báyìí, ariwo lásán ló ní. Bó ṣe rí náà nìyẹn: ó kán díẹ̀, ó lọ. A rí olu funfun lára igi tó wó lọ́dún tó kọjá, a gbọ́ ẹyẹ àkókó tó ń sọ igi lókè, ọ̀kẹ́rẹ́ méjì sì lé ara wọn kọjá níwájú wa bí ẹni pé àlejò wọn ni wá. Àlejò wọn náà kúkú ni wá.

Akọ̀wé tuntun tí wọ́n fi sẹ́nu géètì bi mí pé kí ni àwọn ègé igi inú agolo wà fún. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹni tó bá ń wọ igbó yóò mú àmì kan, ẹni tó bá jáde yóò jù ú padà sínú agolo. Iye tó lọ ni iye tó gbọ́dọ̀ bọ̀. Ó ní ṣé kò yá kí n kàn ka èèyàn. Mo ní èèyàn kì í dúró kí o kà á: ọ̀kan á ti sáré wọ ilé ìtọ̀, ọ̀kan á ti wọ mọ́tò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Màámi kò jẹ́ kí n fìka ka èèyàn rí láti kékeré, n kò sì ní bẹ̀rẹ̀ lójú ogbó nítorí akọ̀wé. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń lo àmì, n kò tíì sọ ẹnì kankan nù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà ló kẹ́yìn wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kò sí Àbámẹ́ta tí kì í wá, ẹ̀yìn pátápátá ló sì máa ń wà kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣìnà. Obìnrin kan wá lónìí tí n kò rí rí, ó we gèlè aláwọ̀ ewé. Ọkọ rẹ̀ jókòó sínú mọ́tò lẹ́nu géètì, ó ń dúró dè é. Obìnrin náà béèrè ibi tí odò kékeré yẹn ń ṣàn lọ, ó béèrè ohun tó wà lẹ́yìn wáyà. Inú mi dùn. Ẹni tó bá ń béèrè nípa igbó ló fẹ́ràn igbó.

Ọ̀gá ọgbà ní kí n ṣọ́ra lọ́dún yìí o, pé àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ń wá ohun tí wọn yóò rí wí kí wọ́n lè ti apá igbó pa. Mo ròyìn rẹ̀ fún Màámi. Ó ní kí wọ́n tì í, pé iṣẹ́ mi yìí, iṣẹ́ ọdẹ tí kì í pa ẹran wálé ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje

Òjò láti àárọ̀. Bàtà òjò mi ti ń jo. Mo béèrè iye tí tuntun jẹ́ lọ́jà, mo kí ọlọ́jà pé ó dàárọ̀, mo sì padà sílé láti wá lẹ ti àtijọ́. Bí mo ṣe ń lẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni Nọ́ọ̀sì Àgbà gbé bàtà kan wá, ó ní kí n bá òun lẹ tòun náà. Rọ́bà pupa tó kù lára táyà kẹ̀kẹ́ ni mo fi lẹ̀ ẹ́ fún un, ní gìgísẹ̀ ọ̀tún.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí ó má bàa dà rú mọ́ mi lórí.

Èèyàn mẹ́rìnlá ló mú àmì lẹ́nu géètì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, àwọn ẹ̀ka igi ń lu ara wọn. Nígbà tí a dé etí odò, ẹrẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń yọ̀, ìlà wa gùn débi pé èmi tí mo wà níwájú kò rí ìparí rẹ̀. N kò dààmú, Nọ́ọ̀sì Àgbà wà lẹ́yìn. Ó ku díẹ̀ ká dé géètì ni òjò ńlá bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn sáré ju àmì sínú agolo, wọ́n túká. Mo tú agolo sórí tábìlì, mo tò ó ní méjìméjì, ìlà méje. Mẹ́rìnlá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Mò ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ṣí agbòjò. Ó kí mi dáadáa. Ó ní ìyàwó òun dà, ẹni tó we gèlè aláwọ̀ ewé. Mo ní gbogbo wọn ti jáde. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ojú òun kò kúrò lára géètì láti àárọ̀.

Nítorí pé àmì pé, ilé ìtọ̀ la kọ́kọ́ wá a lọ, a wá a nídìí gbogbo bẹ́ńṣì, a wá a níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ó tó wákàtí kan gbáko kí n tó gbà pé ó ṣeé ṣe kó ṣì wà nínú igbó. Nígbà yẹn òjò ti fọ gbogbo ojú ẹsẹ̀ nù, odò sì ti kún dé orí afárá pákó. Mo pè é títí ohùn mi fi ha. N kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, "Mà, Mà" ni mò ń pè. Àwọn ọlọ́pàá dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kò rí nǹkan kan.

Ọlọ́run, jẹ́ kó wà láàyè.

Àìkú, ọjọ́ kọkànlá

Ọkùnrin mẹ́ta wọ inú adágún omi tí odò náà ń ṣàn wọ̀ lónìí pẹ̀lú okùn nídìí. Igi jíjẹrà ni wọ́n gbé jáde, àga onírin kan, kẹ̀kẹ́ kan tí kò ní táyà. Gbogbo ìgbà tí okùn bá le ni mò ń dìde dúró.

Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Kóòtù yẹn náà ló tún wọ̀. Ó ra omi fún gbogbo àwọn tó ń wá ìyàwó rẹ̀, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá bá mi, ó ní òun kò bínú sí mi, ó fún mi ní áńkáṣíìfù. Ìgbà yẹn ni mo sunkún. Ìyá obìnrin náà wá pẹ̀lú, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Orí bẹ́ńṣì ló jókòó sí tó ń wo omi títí a fi ní kó máa lọ sílé.

Ajé, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n pè mí sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá àgọ́ fúnra rẹ̀ ló fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ẹ̀gbọ́n Oníkóòtù ni, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ó sọ ọ́ fún mi kí n tó jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló béèrè iye àmì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dáhùn: mẹ́rìnlá. Mo ní bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn, mẹ́rìnlá ni n ó wí. Wọ́n pe Nọ́ọ̀sì Àgbà náà. Ó ní iwájú òun ni gbogbo èèyàn wà, òun kò rí ẹni tó yà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Oníkóòtù wá sílé wa. Màámi fún un ní àga tó dára, ó bá a kẹ́dùn. Ó béèrè ẹni tí ìyàwó òun bá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní n kò rí i kó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó mu omi díẹ̀, ó tún un béèrè. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti gbìyànjú fóònù rẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ni fóònù rẹ̀ máa ń wà. Nígbà tó dìde, ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kẹta pé ta ló bá a sọ̀rọ̀.

Nígbà tó lọ tán, Màámi palẹ̀ ife omi mọ́. Ó wá ní, "Ṣé o ṣàkíyèsí pé kò béèrè bóyá ó ti kú?"

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kò sí ìrìn. Wọ́n fi okùn dí ẹnu igbó. Ọ̀gá ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí, àti pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan títí dìgbà náà. Èmi kò lè dúró sílé. Mo fo okùn náà kọjá, mo wọlé.

Igbó kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Olu ti pọ̀ sí i, àwọn ẹyẹ ń ṣe tiwọn. Mo rìn bí olè nínú ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, bí ẹ̀ka bá ti dá lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, n ó dúró, n ó wẹ̀yìn. Mo tẹ̀ lé etí odò títí mo fi dé ibi wáyà, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti wò kọjá nítorí pé igbó ẹlẹ́gùn-ún ló wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ wáyà ti ṣí. Lábẹ́ ewé, bàtà òjò kan wà. Ẹnì kan ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó tò ó síra wọn bí bàtà ẹnu ọ̀nà. Rọ́bà pupa wà ní gìgísẹ̀ ọ̀tún.

Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í fọ bàtà. Ó yẹ kí n gbé e lọ fún ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀, mo mọ̀. Mo fi aṣọ mi wé e, mo gbé e wálé.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo gbé bàtà náà lọ bá Nọ́ọ̀sì Àgbà. Yàrá rẹ̀ mọ́ bí ilé ìwòsàn: bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì, aago lára ògiri, ìgò oògùn tó tò ní gígùn-gígùn. Mo gbé e ka orí tábìlì. Ó wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

"Ó wà láàyè," ló wí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, n kò dé orí àga. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń rí obìnrin yẹn lábẹ́ omi nígbàkígbà tí mo bá di ojú. Ẹkún ayọ̀ ni mo kọ́kọ́ sun, omijé náà kò sì tíì gbẹ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Ó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú ló máa ń lọ ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin náà wá pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ tó ṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú etí tí kò gbọ́ràn mọ́. Gbogbo ìgbà ni ọkọ dúró tì í, tó ń bá a dáhùn. Nọ́ọ̀sì Àgbà ló sọ fún ọkọ náà pé ìyàwó rẹ̀ nílò kó máa rìn kí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lè wálẹ̀, pé ìrìn kan wà nínú ọgbà ní Àbámẹ́ta. Ọkọ gbà, nítorí géètì kan ṣoṣo ló wà, òun sì lè jókòó tì í. Lọ́jọ́ náà, obìnrin náà gba abẹ́ wáyà, ó bọ́ bàtà òjò tí Nọ́ọ̀sì Àgbà yá a, ó wọ òmíràn, mọ́tò kan sì ń dúró dè é lójú títì. Kí ó tó lọ, ó fi àmì rẹ̀ lé Nọ́ọ̀sì Àgbà lọ́wọ́.

"Ẹ ju méjì sínú agolo," mo wí.

"Mo ju méjì. Mo mọ̀ pé àmì lo máa kà, o ò ní ka orí. Wákàtí kan yẹn ló gbé e kúrò nílùú."

"Ẹ lò mí, Mà. Ọdún mẹ́fà lẹ ti ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Ẹ rí ibi tí mo kù sí, ẹ ò sọ fún mi, ẹ wá gba ibẹ̀ kọjá."

"Mo lò ọ́," ló wí. Kò bẹ̀ mí. "Ká ní mo sọ fún ọ ńkọ́? Ìwọ tí o kò lè purọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́ta pé igi kan kò ní ẹ̀gún? Ò bá ti tú wa síta kí a tó dé odò."

Mo jáde láìkí i. Bí mo ṣe ń lọ lójú ọ̀nà ni mò ń bínú, tí mò ń dúpẹ́, tí mo tún ń bínú. Inú bàtà òjò mi ni ìwé yìí yóò máa sùn láti òní.

Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Mo padà lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó, mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Àgbà pe nọ́ńbà kan, ó gbé fóònù fún mi. Ohùn kékeré kan kí mi, ó dúpẹ́, ó ní kí n má bínú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má sọ fún ìyá mi. Tí wọ́n bá mọ̀, ojú wọn máa sọ ọ́, ọ̀dọ̀ wọn ló sì kọ́kọ́ máa wá." Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní kó máa jẹun dáadáa.

Òun náà ni. Mo sùn lálẹ́ àná ju bí mo ti sùn láti ọjọ́ mẹ́wàá lọ, kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ pàápàá, nítorí náà ara mi ti gbà á gbọ́ kí orí mi tó gbà.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi báyìí ni kí n máa nu pátákó tó wà lẹ́nu géètì. Oníkóòtù bá mi níbẹ̀. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́, orúkọ àwọn mẹ́rìnlá tó rìn lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ lẹ́nu géètì ló fún un, ó ṣàánú rẹ̀. Ó ti fi bírò fagi lé mẹ́jọ. Ó ní ilé wọn lòun ń lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi ní odò ló gbé e," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ iye tí iṣu jẹ́. "Ṣùgbọ́n èmi mọ ìṣirò. Tí àmì bá jẹ́ mẹ́rìnlá, tí èèyàn tó jáde sì jẹ́ mẹ́tàlá, ẹnì kan ló ju méjì. Ẹni yẹn mọ ibi tó wà. Ṣé ó dá yín lójú pé mẹ́rìnlá ni?"

Èmi tí mo ti fi mẹ́rìnlá yangàn káàkiri ìlú. Mo ní ohun tí mo bá fẹ́ sọ, iwájú ìgbìmọ̀ ni n ó ti sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi tí mo fi di aṣọ ìnupátákó mú, ó tẹ̀ ẹ́. Kò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ dunni. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ títí mo fi wo ojú rẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ. Nígbà yẹn ni mo mọ ohun tí obìnrin yẹn ń bá gbé.

Orúkọ Nọ́ọ̀sì Àgbà ló kẹ́yìn ìwé náà, nítorí òun ló máa ń mú àmì gbẹ̀yìn. Mo sáré lọ sọ fún un. Ó jókòó, ó di ọwọ́ méjèèjì mú. Ó ní òun kò ro ibẹ̀ jìnnà, wákàtí kan yẹn nìkan lòun ń rò, ọgbọ́n òun tán síbẹ̀. Mo ní kó sá lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó ní bí òun bá sá, ìdáhùn nìyẹn. "Mo mọ ilé tí ọmọbìnrin yẹn wà," ló wí, "ohun tí èèyàn bá sì mọ̀, wọ́n lè fi ìyà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin. N kò mọ bí mo ṣe lè le tó."

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ìròyìn ayọ̀, ni ọ̀gá wí. Ó pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó bu omi fún mi fúnra rẹ̀. Lọ́yà ọgbà ti wo ọ̀rọ̀ náà, ó ní àmì mẹ́rìnlá yẹn ni yóò yọ mí. Mo ṣe ohun tó yẹ kí n ṣe. Bí ẹnì kan bá ju méjì sínú agolo, ẹ̀tàn ni, ẹlẹ́tàn ni kí wọ́n mú. Kí n kàn tún ohun tí mo ti ń sọ sọ. Iṣẹ́ mi kò ní lọ, igbó kò ní tì. Ó ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe eré, a ò ní jẹ́ kó bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Mo dúpẹ́. Mo mu omi náà tán kí n má bàa ní láti sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Akọ̀wé ní Oníkóòtù kọjá lẹ́nu géètì lónìí, ó ní orúkọ kan ṣoṣo ló kù lórí ìwé òun, ọ̀la lẹ́yìn ìjókòó ìgbìmọ̀ ni òun yóò lọ síbẹ̀.

Òjò. Màámi lọ aṣọ iṣẹ́ mi fúnra rẹ̀ lórí ìdúró, pẹ̀lú ìbàdí tó ń dùn ún. Ó ní kí n má bẹ̀rù ìgbìmọ̀, pé irọ́ ló ń wá ibi tí yóò sá sí. N kò lè jẹun.

Ẹtì, ọgbọ̀n ọjọ́

Ó ti parí.

Yàrá ìpàdé wọn kò tóbi. Tábìlì gígùn kan, ìgbìmọ̀ márùn-ún, fáànù tó ń dún gìn-ín gìn-ín. Alága wọn, obìnrin kan tó fi bírò sẹ́yìn etí, ní kí n jókòó. Oníkóòtù àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ìlà iwájú. Nọ́ọ̀sì Àgbà wà lẹ́yìn, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú láàárín orúnkún. N kò tíì sọ fún un ohun tí mo fẹ́ ṣe, nítorí èmi náà kò tíì mọ̀ ọ́n dájú. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín sí mi.

Alága béèrè iye àmì tó wà nínú agolo.

"Mẹ́tàlá," mo wí.

Alága wo ìwé iwájú rẹ̀. Ó ní mẹ́rìnlá ni mo kọ, mẹ́rìnlá ni mo sọ fún ọlọ́pàá.

"Mo kọ ọ́ kí n tó kà á, Mà. Òjò ń rọ̀, mo fẹ́ tètè lọ sílé. Nígbà tí mo wá kà á tí ó dín kan, ẹ̀rù bà mí. Mo mú ọ̀kan láti inú àpótí tí a ń kó àmì tó ṣẹ́kù sí, mo fi kún un."

Mo ti rò pé ohùn mi yóò gbọ̀n. Kò gbọ̀n, ó sì dùn mí pé kò gbọ̀n. Oníkóòtù ti dìde. Ó ní mélòó ni mo wí. Mo yíjú sí i, mo wò ó, mo ní, "Mẹ́tàlá. Kò jáde kúrò nínú igbó, sà. Inú igbó ni mo fi í sílẹ̀ sí."

Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó fi í sínú àpò kóòtù, ó jókòó, ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá odò yẹn máa ń gbé nǹkan dé òkun. Ó pè mí ní apànìyàn. Ó sunkún, n kò sì mọ irú ẹkún tó jẹ́, n kò fẹ́ mọ̀.

Ọ̀gá mi ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún," kò lè parí rẹ̀. Òun ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, pé ọlọ́pàá lè pè mí nítorí irọ́ tí mo pa fún wọn. Wọn yóò ti apá igbó pa. Igbó ni mo rò lójú ọ̀nà, mi ò lè purọ́. Mo rò ó pé ta ni yóò máa kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé nípa ẹ̀gún ẹ̀bá odò. Nọ́ọ̀sì Àgbà ti lọ kí n tó jáde.

Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù keje

Oníkóòtù kò lọ sí ilé Nọ́ọ̀sì Àgbà. Ọjọ́ méjì ti kọjá. Wọ́n ní ó ti ń ta nǹkan ìyàwó rẹ̀.

Àárọ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ dé etí Màámi. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, Màámi sì lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó pè mí wá síwájú àga rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní o gbàgbé ọmọ ọlọ́mọ sínú igbó, o sì purọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní ọmọ tèmi kọ́. Jẹ́ kí n gbọ́ lẹ́nu rẹ."

"Òótọ́ ni, Màámi."

Ó wá gèlè rẹ̀, ó wé e, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣì í wé. Ó bi mí pé ṣé obìnrin náà ní ìyá. Mo ní ó ní. Ó ní kí n gbé ọ̀pá òun wá, pé ibẹ̀ la ń lọ, a ń lọ bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, mo ní àtẹ̀gùn ti pọ̀ jù fún un. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níṣísẹ̀-níṣísẹ̀ ló di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi débẹ̀.

Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Màámi kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí rẹ̀, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màámi ní ẹjọ́ ọmọ òun ni òun wá rò, pé òun ló bí i, òun ló tọ́ ọ. Arúgbó náà ní ká dìde. Nígbà tí a kò dìde, òun náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wa.

"Ẹ má bẹ̀ mí," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló sá wá bá mi nínú ilé yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọwọ́ ara mi mú un padà lọ fún ọkọ rẹ̀. Ká ní mo jẹ́ kó dúró ni, kí ló fẹ́ wá dé inú igbó?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá tó. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo fi eyín di ètè mi mú títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, mo dorí kodò, mo ń sunkún. Màámi ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Ó rò pé ẹ̀bi ọwọ́ mi ni mò ń sun.